Ẹnu Màmá tó Ṣẹ́kù Lójú Mọ́nítọ̀

Wọ́n ní ilé kan wà ní Ìkòsí, lẹ́yìn ilé epo yẹn... wọ́n ní ìyá àgbà kan ni ó wà nínú ẹ̀rọ... o ò tíì gbọ́ ni? Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n o, èyí tí ọmọkùnrin wọn fi ń gbá géèmù mọ́tò... Wọ́n ní bó bá ti tanná sí i báyìí, ìyá náà á dúró sáàárín títì, á la ẹnu sílẹ̀... ìyá tí wọ́n ti sin o! Wọ́n ní ohun tí ó ń wí ni pé... háà, ẹ jẹ́ n panu mọ́, èmi náà bímọ. Ẹ ṣáà bi Mutolib tó tà á fún wọn ní Kétu, ẹ bi í pé níbo ló ti...

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ parí. Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi, torí fèrèsé mi kọjú sí ibi tí Ìyá Hidayat, aládùúgbò wa, ti ń ta gáàsì. Èmi ni Kúnbi. Ilé tí wọ́n ń wí yẹn, ilé wa ni. Ìyá àgbà yẹn, ìyá tó bí ìyá mi ni, Màmá ni a ń pè wọ́n. Ìparí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí sọ yẹn, ọwọ́ mi ló wà, torí èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ti jókòó lé òótọ́ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi nídìí. Mo ti dìde kúrò lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kiri, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé ìparí rẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu mi. N kò pẹ́ nílé ìwé rárá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí tíṣà bá pe orúkọ mi, ọ̀fun mi á dí, omi á sì máa dà lójú mi, ni Màmá bá mú mi padà sílé. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ìṣirò, Bíbélì, àti bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì tẹnu mọ́ jù ni kí n máa gbọ́. Wọn á ní, "Kúnbi, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọdé a máa fi etí jẹun." Mo fi etí jẹun títí mo fi gbàgbé pé ẹnu náà wúlò fún nǹkan kan. Olúwadàmọ́lá, bọ̀dá mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì ni Màmá tọ́ lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dákẹ́ tó ni òun ń pariwo tó. Ó ń wa mọ́tò kékeré tó ń kó ata láti ọjà Mile 12 lọ sí àwọn ilé oúnjẹ, bó bá sì ti wálé, á tún kó sídìí mọ́tò mìíràn, ti inú kọ̀ǹpútà. Orí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ni ó de sítíárìn mọ́, ó wá gbé bíréèkì sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí Màmá fi ń tẹ ẹ̀rọ. Màmá á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọn á ní, "Dírẹ́bà, níbi tí ò ń sáré lọ yìí, ṣé wọ́n ń ta bọ́tìnnì níbẹ̀?" Òun náà á ní, "Màmá, ẹ wọlé, ẹnì kan ló kù. Ẹ mú ṣéńjì yín dání o." Wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, sínú.

Mọ́nítọ̀ àtijọ́ tí ó ń lò kéré, ó sì lọ́ra. Bó bá yí ọwọ́, mọ́tò á kọ́kọ́ ronú kó tó yí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní, "Kúnbi, dìde, à ń lọ sí Kétu. Ẹni tó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú òkùnkùn ni mo fẹ́ mú dání." Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù Mutolib wà. Ó to mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sára ògiri yíká, gbogbo wọn kò tíì tàn, wọ́n dà bí fèrèsé ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Mutolib ní, "Ọ̀gá mi, ti ọ́fíìsì ni àbí ti eré?" Bọ̀dá mi ní, "Eré mọ́tò ni." Mutolib pàtẹ́wọ́. "Ah, ìyẹn yàtọ̀! Oníṣirò lè fara da ìjàfara, dírẹ́bà kò lè fara dà á." Ó so àkọ́kọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bọ̀dá mi fi títì alẹ́ sí i, ó ní kí n wo ẹ̀yìn mọ́tò bó bá ń gba kọ́nà. Mo ní, "Ó ń fa nǹkan dúdú lẹ́yìn, bí èéfín." Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Èkejì kò fa èéfín, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ kì í ṣe dúdú, omi eérú ni; mo sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, ni gbogbo àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá. Ẹ̀kẹta ká wọnú bí ìgbá. Mutolib yìn ín, bọ̀dá mi jókòó sí i, ó wakọ̀ díẹ̀, ó ní, "Rárá o, títì ń wé mọ́ mi bí ẹní." Ìgbà náà ni Mutolib lọ sẹ́yìn lọ gbé ọ̀kan tó tín-ínrín bí síléètì wá. Nígbà tí ó tàn án, dúdú inú rẹ̀ dúdú débi pé n kò mọ ibi tí mọ́nítọ̀ parí sí tí òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá mi yí ọwọ́, mọ́tò yí. "Ó ń tẹ̀lé mi! Kúnbi, ó ń tẹ̀lé ọwọ́ mi!" Ó wò mí. "Èwo ni ká mú?" N kò lè sọ̀rọ̀ níwájú àjèjì, mo bá na ìka sí i. Ìka mi yìí ló mú un wọlé.

Bọ̀dá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró. Mutolib ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé mọ́nítọ̀ náà, ó bá ní, "Àbúrò, bá mi sọ fún bọ̀dá ẹ, kí n tó gbàgbé. Irú èyí, iná inú rẹ̀ ló ń fúnra rẹ̀ ya àwòrán, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi àwòrán kan ṣoṣo sílẹ̀ lójú rẹ̀ kó pẹ́. Bó bá pẹ́, ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú àwòrán yẹn ló máa kọ́kọ́ jóná, á wá dúdú. Àwòrán náà á jókòó síbẹ̀, kò ní fẹ́ jáde mọ́. Mọ́tò tó ń sáré kò lè ṣe é ní nǹkan kan, torí ó ń lọ ni. Ohun tó bá dúró ló ń pa á. Ṣé o gbọ́?" Mo mi orí. Nínú kẹ̀kẹ́, mọ́nítọ̀ wà lórí itan mi, bọ̀dá mi ń kọrin, mo ní tí a bá délé n ó sọ ọ́. A délé, a bá Màmá nílẹ̀ bálùwẹ̀, apá kan ara wọn ti kú. Ẹ ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí n gbàgbé. Irọ́ ni. Mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mi ò bá sọ lójú ẹsẹ̀, ṣe ló máa ń wúwo sí i, bí aṣọ tí a rẹ sómi.

A gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá sí pálọ̀ torí atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bọ̀dá mi bó bá ń wakọ̀ lójú mọ́nítọ̀ tuntun. Ọwọ́ wọn tó ṣì dára á máa yí díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ ìbora, bí ẹni pé àwọn náà di sítíárìn mú. Àsìkò yẹn ni iṣẹ́ Gánà dé. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn dírẹ́bà tírélà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan tírélà gidi. Wọ́n ti rí bọ̀dá mi níbi tí òun àti àwọn èèyàn ń sá eré náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí ó wá máa kọ́ni. Èmi ló kọ́kọ́ sọ fún. Bó bá lọ, ta ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ láìbínú pé n kò fèsì? Mo ní, "Ẹ kú oríire, Bọ̀dá." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ó ti lọ sí Mile 12, Màmá pè mí. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n sọ̀rọ̀ kan, kò gùn. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n sì sùn, wọn ò jí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà, n ó sọ ọ́ kí n tó parí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi í ṣe.

Àǹtí Cecilia, àbúrò ìyá wa, dé láti àdúgbò Anthony, ó sì gba ilé. Ó ní a kò ní sin Màmá àfi kí Uncle Ṣọládé, àkọ́bí wọn, ti òkè òkun dé, ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò sì tètè jáde. Àwọn tó ń wá kí wa pọ̀. Àǹtí ní àwòrán inú férémù kéré, ó ń dójú ti òun. "Dàmọ́lá, mọ́nítọ̀ ẹ tuntun yẹn dà?" Wọ́n gbé e sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, wọ́n tan àbẹ́là sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n fi àwòrán Màmá sí i láti inú kọ̀ǹpútà: Màmá wé gèlè funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín wọn síta. Àǹtí ní, "Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú títí ìyá mi yóò fi wọlẹ̀. Bó bá kú, ó dà bí ìgbà tí a pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì." Bí wọ́n bá mú iná, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, bí jẹnẹrétọ̀ bá sinmi, ínfátà á gbà á. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Màmá ń rẹ́rìn-ín tọ̀sán tòru. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo la ẹnu. Mo ní, "Àǹtí, bọ̀dá tó tà á ní..." Àǹtí ní, "Kúnbi, lọ gbé àga síta fún àwọn ará ìjọ." Mo lọ gbé àga. Ohùn mi kò jáde mọ́, kì í ṣe pé wọ́n dí mi lẹ́nu o. Èmi ni mo gbé àga.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bọ̀dá mi dá sítíárìn padà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tan mọ́nítọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń ká aṣọ funfun. Títì yọ, ojú ọ̀run yọ, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo gbọ́ tí ó tẹ bíréèkì títí irin fi dún. "Kúnbi." Ohùn rẹ̀ kéré. "Kúnbi, ṣé o rí ohun tí mo rí?" Màmá wà lójú títì. Ibi gbogbo tó funfun nínú àwòrán ti yí dúdú. Gèlè wọn dà bí òjò tó fẹ́ rọ̀ lójú ọ̀run, ojú wọn hàn fìrìfìrì lára àwọn igi, eyín wọn sì dúdú lórí ọ̀dà, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe ẹnì kan. Bọ̀dá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò, mọ́tò náà rọra yí lọ síwájú, ó wọ inú ẹnu wọn, ó tún jáde. Ẹnu náà kò kúrò. Ibikíbi tí títì bá gbà, iwájú ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: mo mọ ohun tí ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Mutolib dún létí mi látòkè délẹ̀. Bọ̀dá mi ń wò mí kí n dáhùn, mo sì ń ká aṣọ funfun lọ.

Àǹtí Cecilia sáré dé, Ìyá Hidayat tẹ̀lé e wọlé pẹ̀lú ìgò gáàsì tó fẹ́ lọ gbé fún oníbàárà, ló bá gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn wo mọ́nítọ̀ náà. Àǹtí ní, "Òkú kì í dédé dúró sójú ọ̀nà. Kúnbi, ìwọ nìkan lo wà lọ́dọ̀ wọn. Kí ni ìyá mi sọ kẹ́yìn?" Nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ tí olóògbé bá sọ kẹ́yìn ti kúrò ní ìmọ̀ràn, àṣẹ ni, a kì í sì í béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ. Gbogbo àgbà ń wo ẹnu mi. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọjọ́ tí mo rí àyè sọ̀rọ̀ nínú ayé mi, ọjọ́ náà ni mo purọ́. Mo ní, "Wọ́n ní kí Bọ̀dá Dàmọ́lá má lọ. Wọ́n ní ọ̀nà náà kò dára." Bọ̀dá mi ní, "Màmá sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." N kò pè é ní sà rí. Kò tilẹ̀ fura.

Ọ̀rọ̀ náà dé Kétu kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní Mutolib ń ta ẹ̀rọ tí òkú wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dá a padà, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ohun ẹlẹ́gbin. Ó wá sílé wa fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí, ó ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí, pé àwòrán tó dúró pẹ́ ló jó o. Àǹtí ní, "Ìyá mi ló jó mọ́nítọ̀? Ẹ gbọ́ ọ o!" Ni Mutolib bá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Àbúrò, jọ̀ọ́, gbà mí. Ṣé mi ò sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé mi ò ní kó o sọ fún bọ̀dá ẹ?" Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe ń sọ ọ́, ó dá a lójú pé ìyọnu òun ti tán. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi." Ẹ̀rín yẹn pẹ́ lójú rẹ̀ kó tó kú. Bó ṣe ń jáde lọ, ó ní, "Wàláì, àbúrò, Ọlọ́run gbọ́ ọ." Kò ṣépè. Ó ì bá sàn kó ṣépè.

Ẹ má rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Mutolib kò bínú sí bọ̀dá mi. Ó pè é lórí fóònù, ó ní kó máa tan mọ́nítọ̀ sí funfun gbòò fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́, pé yóò máa dín kù. Bọ̀dá mi gbìyànjú rẹ̀. Gèlè ni ó kọ́kọ́ lọ, ojú tẹ̀lé e, ẹnu náà wá ṣí díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà bí àbàwọ́n tí ọṣẹ ń bá jà. Bọ̀dá mi tún ń kọrin. Ó ní, "Kúnbi, Màmá ń lọ sinmi. Bóyá wọ́n ti yọ́nú sí mi." Ó kọ̀wé sí Gánà, wọ́n ní àwọn ṣì ń retí rẹ̀. Ó ra báàgì aláwọ̀ ewé kan, ó ń kó aṣọ sí i. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ní orí ń fọ́ mi, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo wá àwòrán Màmá nínú kọ̀ǹpútà, mo fi dúdú bo gèlè àti ojú kó ku ẹnu tí kò tíì lọ tán, mo fi í sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, mo sì tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń se ẹ̀wà. Pálọ̀ gbóná. Eyín Màmá mọ́lẹ̀ débi pé ó ń ta mí lójú. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi dá a dúró." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Gbogbo ìgbà tí ilé bá ṣófo ni mo ń ṣe é, títí àsìkò òjò fi dé. Ìyá tó kọ́ mi ní A, B, D, mo jó ẹnu wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí n lè fi wọ́n dẹ́rù ba ọmọ wọn.

Nígbà tí bọ̀dá mi tún tan títì rẹ̀, gèlè kò padà, ojú kò padà. Ẹnu nìkan ló wà níbẹ̀, ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bọ̀dá mi ṣí báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà kò wa mọ́tò mọ́, ti ata kọ́, ti kọ̀ǹpútà kọ́. Ṣe ni yóò tan eré náà, yóò gbé mọ́tò dúró sáàárín títì níwájú ẹnu yẹn, yóò gbé ọwọ́ lé sítíárìn, yóò máa wò ó. Oúnjẹ á tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń fi etí lé e. Mo bá a bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mọ́nítọ̀, iná títì ń tàn sí i lójú. Ó ní, "Mo ti ń gbọ́ wọn." Mo ní, "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń wí?" Ó ní, "Orúkọ ẹ ni. Wọ́n á ní 'Kúnbi', wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á tún ní 'Kúnbi', wọ́n á dákẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ ránni níṣẹ́." Mo mọ̀ pé iná ni, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ fún mi láàárọ̀ yẹn, orúkọ mi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò sì sọ ìyẹn fún ẹ̀dá alààyè kankan rí.

Mo lọ sí Kétu fúnra mi. N kò dá lọ síbẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀bù Mutolib ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, òun nìkan ló jókòó láàárín àwọn fèrèsé òkùnkùn yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Ibí kọ́ lo ti purọ́. Ibi tó o ti purọ́ ni kó o ti lọ kúnlẹ̀, mo sì ń bá ẹ lọ." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Gánà kọ̀wé pé bí bọ̀dá mi kò bá dáhùn títí di ọjọ́ Ajé, àwọn yóò mú ẹlòmíràn. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ níwájú Àǹtí Cecilia àti bọ̀dá mi. Mutolib jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Hidayat dúró lójú fèrèsé, mo sì fẹ́ kó dúró síbẹ̀. Mo sọ ti ìkìlọ̀ Mutolib, mo sọ ti irọ́, mo sọ ti àwọn ọjọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn. Àǹtí gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí, ọwọ́ náà dúró sókè, ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ara rẹ̀. "Ìwọ Kúnbi! Ìwọ tí a rò pé o ò lẹ́nu! Ẹnu tìrẹ ló wá jẹ wá run!" Ó yíjú sí Mutolib, ó fẹ́ sọ nǹkan, ẹkún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mutolib ní, "Ẹ jẹ́ kó parí ná, Àǹtí."

Kí n tó parí, mo kọ èyí síhìn-ín: Bọ̀dá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bọ̀dá Mutolib, gbogbo ẹni tó bá ka èyí ni mo ní kó gbọ́: ọwọ́ yín mọ́, ọjà yín mọ́. Ẹ̀yin ọmọdé bíi tèmi, tí wọ́n ń yìn pé ẹ jẹ́ẹ́jẹ́, pé ẹ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ ṣọ́ra. Nígbà mìíràn ìdákẹ́jẹ́ wa kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Ṣe la ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ pamọ́ títí yóò fi jóná mọ́ wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rán ẹ níṣẹ́, jẹ́ ẹ, kódà bí ọ̀fun rẹ bá ń dí.

Ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, bọ̀dá mi kò wò mí ní gbogbo àkókò tí mo ń sọ̀rọ̀. Mọ́nítọ̀ wà ní títàn lẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò dúró láàárín títì, ẹnu yẹn ṣí sílẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ó wá yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí mi. Ó ní, "Màmá sọ̀rọ̀, o gbé e mì. Pọ̀ ọ́ jáde. Má tún un ṣe, má fi tìrẹ kún un. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni kó o sọ ọ́." Mo wo ẹnu náà, mo di ọrùn ọwọ́ ara mi mú níbi tí Màmá ti dì í mú. Ọ̀fun mi kò dí. Mo ní:

"Kúnbi, sọ fún Dàmọ́lá kó máa lọ. Mo ti ń bá a wo ọ̀nà yẹn láti orí bẹ́ẹ̀dì yìí, ó ń wà á dáadáa. Kó tú mọ́tò rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, torí ìwọ ni mo fún. Bó o bá sunkún, kó má dúró. Ẹnu ọ̀nà ni kó o ti sun ún, kó o juwọ́ sí i."